Àwọ̀ Àbínibí àti Àwọ̀ Àfikún Nínú Ọṣẹ

Ọṣẹ ni ohun tí ọmọ ènìyàn fi ń lé àwọ̀ tí kò tọ́ kúrò lára, lára aṣọ àti lára ohun èlò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ po àwọ̀ mọ́ ọṣẹ, ìbáà jẹ́ osùn, ajó, làálì tàbí èédú, ti fi irú ohun tí ọṣẹ ń lé jáde sínú ọṣẹ fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí onírònú béèrè bóyá àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba ìmọ́ ọṣẹ jẹ́, tàbí ó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, tàbí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń ṣe. Ìbéèrè yìí lè kéré lójú ẹni tí ó ń ra ọṣẹ ilé-iṣẹ́ ní ìsọ̀, ṣùgbọ́n ó fara kan ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ti ń jiyàn lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún: kí ni àwọ̀ jẹ́ sí ohun tí ó gbé e wọ̀, ìgbà wo sì ni àwọ̀ ń sọ ohun kan di ohun mìíràn?

Kabala Doki, àdúgbò kan létí odò Kaduna ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Kaduna, jẹ́ ibi tí ìbéèrè náà ti ṣeé yẹ̀ wò dáadáa. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Kaduna ní 1913, tí ìlú náà sì di ibùjókòó ìjọba Àríwá Nàìjíríà ní 1917, ni reluwé àti iṣẹ́ ọba ti ń kó Yorùbá lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń bá Hausa, Gbagyi, Igbo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn gbé pọ̀. Nítorí náà, bí ọwọ́ ìyá ọlọ́ṣẹ kan ní Kabala Doki ṣe lè tẹ osùn àti àdín tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè rí lalle, tí Yorùbá ń pè ní làálì, rà ní Ọjà Sheikh Gumi láàrin ìlú, pẹ̀lú kurkur, tí í ṣe ajó tàbí ata ilẹ̀ pupa, zobo, tí í ṣe ìṣápá pupa gbígbẹ, àti zogale, ìyẹn ewé moringa. Ọṣẹ ìbílẹ̀ méjì ni ó pàdé níbẹ̀ pẹ̀lú, ọṣẹ dúdú ti Yorùbá àti sabulun salo ti Hausa, eérú àti ọ̀rá sì ni orísun àwọn méjèèjì. Mùsùlùmí ń lò wọ́n, Kírísítẹ́nì ń lò wọ́n; ọ̀pọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí ìlú náà sì ń tẹ̀lé ìlànà Máálíkì, ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn Sunni gbà ń túmọ̀ òfin ẹ̀sìn, èyí tí àlàyé rẹ̀ lórí omi àti àwọ̀ jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ òfin, ó yẹ kí ohun tí ọṣẹ jẹ́ hàn kedere. Ọṣẹ kì í ṣe epo tí wọ́n po nǹkan mọ́. Ó jẹ́ ohun titun tí ó ń jáde nígbà tí ọ̀rá tàbí epo bá pàdé omi mímú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní álíkálì, ìyẹn irú omi tí ń ta ahọ́n, tí ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ òdìkejì ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Omi eérú ni omi mímú àwọn ìyá àgbà: wọn a sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, wọn a kó eérú náà sínú ajẹ̀rẹ̀, wọn a da omi lé e lórí, omi náà a sì máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára tí ó ti fà jáde láti inú eérú. Ti òde òní ni kọ́sítíìkì sódà, tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n, nítorí pé kílò epo pupa kan ń gba nǹkan bí 140 gíráàmù rẹ̀, àdín sì ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó fi hàn nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1823 pé ọ̀rá ń túká sí ọ̀nà méjì lọ́wọ́ álíkálì, tí apá kan di ọṣẹ, tí apá kejì sì di gílísárìn. Epo kú, omi mímú kú, ohun tí ó sì dìde láti inú ikú àwọn méjèèjì kò jọ èyíkéyìí nínú wọn. Àwọ̀ ọṣẹ dúdú, tí ó máa ń wà láàrin pupa rúsúrúsú àti dúdú kirikiri, kò sì ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́. Eérú, epo àti iná ni ó bí i.

Ẹni tí ó bá ń fẹ́ àwọ̀ mìíràn yóò wá ewé, gbòǹgbò tàbí igi aláwọ̀, yóò gún un, yóò kù ú títí yóò fi kúnná lúbúlúbú, yóò sì po nǹkan bí ṣíbí kékeré kan mọ́ ìdajì kílò epo. Ibẹ̀ ni omi mímú ti ń dán àwọ̀ wò, ìdánwò náà sì le. Bí wọ́n bá da omi zobo, tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nínú ife, sínú omi mímú, pupa rẹ̀ kì í dúró de ẹni tí ń rò ó: lójú ẹsẹ̀ ni yóò di àwọ̀ àlùkò, yóò tún ṣí di àwọ̀ ewé, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì rẹ́súrẹ́sú bí omi ẹrẹ̀, nítorí pé ohun tí ń fún ìṣápá ní àwọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní anthocyanin, kì í pọ́n àfi níbi tí nǹkan kíkan bá wà. Ajó ń hùwà lọ́nà mìíràn. Ìyeyè rẹ̀ tí ó tàn yòò yóò di pupa bí ilẹ̀ amọ̀ nígbà tí ó bá kan omi mímú, ṣùgbọ́n bí ọṣẹ náà ṣe ń gbẹ lórí pákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, tí agbára omi mímú inú rẹ̀ sì ń rọlẹ̀, ìyeyè náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, àmọ́ ó ti jinlẹ̀ sí i, ó ti sún mọ́ àwọ̀ wúrà. Osùn ń ṣókùnkùn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlùkò. Làálì, tí ń sọ àtẹ́lẹwọ́ ìyàwó di pupa, kì í fún ọṣẹ ní pupa yẹn rárá, àwọ̀ tí ó ń fi sínú rẹ̀ wà láàrin ti ewé àti ti ilẹ̀. Ẹ̀lú nìkan ni ó dà bí ọmọ onílé nínú gbogbo wọn, ìdí rẹ̀ sì ni pé irú omi eérú kan náà ni àwọn aláró ń dà sínú ìkòkò aró, ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní àwọn kòtò aró Kofar Mata ní Kano. Inú omi mímú ni àwọ̀ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́.

Ó hàn nínú gbogbo èyí pé ọlọ́ṣẹ kì í pàṣẹ fún àwọ̀ ewé bí akunlé ṣe ń pàṣẹ fún ọ̀dà. Àwọ̀ tí ó wà nínú ewé, ipò kan ni ó gbé e ró. Bí ipò náà bá yí, àwọ̀ náà yóò yí. Èyí ni ó fi jẹ́ ohun ìyanu pé àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn, tí wọn kò ní irinṣẹ́ kankan tí wọ́n fi lè wo inú ewé, ti kọ́ àwọn ọmọ kéwú tipẹ́tipẹ́ pé kí wọ́n má ṣe bi àwọ̀ léèrè bí ó ti rí nìkan, bí kò ṣe ibi tí ó ti wá.

Nínú al-Risala, ìwé òfin Máálíkì tí Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, ẹni tí ó kú ní 996, kọ, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ní ilé kéwú káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, omi tí ènìyàn yóò fi ṣe àlùwàlá, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ tí ó ń ṣáájú ìrun, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi tí ohun tí ó dà pọ̀ mọ́ ọn ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìbáà jẹ́ ohun mímọ́ tàbí ohun ẹ̀gbin. Omi tí ohun mímọ́ yí padà ṣì mọ́ fúnra rẹ̀, ó ṣeé mu, ó ṣeé fi se oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹlòmíràn di mímọ́ fún ìjọsìn mọ́. Ìwé náà wá yọ irú omi kan sọ́tọ̀, èyí tí ilẹ̀ tí ó wà lórí rẹ̀ gan-an ni ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, bí omi ilẹ̀ oníyọ̀ tàbí omi ẹrẹ̀ dúdú. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí odò Kaduna kún, tí ó ń gbé amọ̀ lọ, omi rẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú. Síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà yìí, ẹni tí ó bu ú létí Kabala Doki lè fi ṣe àlùwàlá láìkọminú, nígbà tí ẹni tí ó rẹ ìṣápá díẹ̀ sínú omi ẹ̀rọ tí ó mọ́ gaara kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán yóò sọ pé ti zobo ni ó mọ́ jù. Àwọn tí ń tẹ̀lé ìlànà Hánáfì fàyè sílẹ̀ ju báyìí lọ, nítorí pé wọ́n gba irú omi bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń jẹ́ omi tí ó sì ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí àwọn Máálíkì fi sí i ni ó lọ́rọ̀ jù fún ohun tí à ń gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ó sọ àwọ̀ di ẹlẹ́rìí ìbátan: àwọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ìbátan odò, àwọ̀ zobo jẹ́ àlejò.

Ẹni tí ó bá gbé ìlànà yìí ka orí ọṣẹ láìronú jinlẹ̀ yóò sọ pé dúdú ọṣẹ dúdú ni àwọ̀ tí ó tọ́, nítorí pé eérú tí ó ti inú rẹ̀ wá ni ó fún un, àti pé osùn, ajó àti làálì jẹ́ àlejò tí ó yẹ kí ó dúró síta. Àríyànjiyàn yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dúró. Omi ní ipò àkọ́kọ́ kan, bí ó ti ṣe ń rọ̀ láti ojú ọ̀run, tí ènìyàn lè fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀ rẹ̀. Ọṣẹ kò ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Kò sí ọṣẹ kankan tí ń hù lórí igi tàbí tí ń sun láti inú àpáta. Gbogbo ọṣẹ ni àdàlù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àti eérú fúnra rẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti ìbílẹ̀, ẹnì kan ni ó yàn án: ẹni tí ó sun èèpo kòkó, tí kò sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ti yan àwọ̀ kan sílẹ̀ ju òmíràn lọ, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Èèpo kòkó pàápàá jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé Amẹ́ríkà ni igi kòkó ti wá, ó sì di ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ka eérú kòkó sí ọmọ ilé nínú ọṣẹ, kò sí ìdí tí wọ́n yóò fi lé osùn, tí í ṣe igi ilẹ̀ náà láti ìṣẹ̀dálẹ̀, síta.

Ohun tí ó kù láti béèrè ni bóyá àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ara, ìyẹn bóyá ó lè dí omi lọ́nà. Ọ̀rọ̀ làálì ni ó là á yé jù. Àwọn onímọ̀ òfin gbà pé obìnrin tí làálì ti rẹ àtẹ́lẹwọ́ àti èékánná rẹ̀ lè ṣe àlùwàlá rẹ̀ kí ó sì pé, nígbà tí ó bá ti fọ ìyẹ̀fun rẹ̀ dànù tán, nítorí pé ohun tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ àwọ̀ lásán tí kò dí omi lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà èékánná ti ilé-iṣẹ́, tí ó di awọ tín-ín-rín lórí èékánná, ní ara, omi kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Pupa méjì ni ó wà lórí ìka kan náà, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí wọn láti òkèèrè, ṣùgbọ́n òfin mọ èyí tí ó jẹ́ ìdènà. Ìdájọ́ yìí bá ẹ̀kọ́ àwọn Áṣíárì mu, àwọn onímọ̀ ìgbàgbọ́ Ìsìláàmù tí wọ́n pín gbogbo ẹ̀dá sí jawhar, ìyẹn ohun tí ó ń gba àyè tí ó sì dá dúró fúnra rẹ̀, àti arad, ìyẹn ohun tí kò lè wà àfi kí ó gùn lé jawhar, bí àwọ̀, ìrìn àti òórùn. Àwọ̀, lójú wọn, kò ní ilé tirẹ̀. Ọlọ́run ni ó ń dá a sí orí ohun tí ó gbé e, ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Ìfófó ọṣẹ fún ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè rí nínú bàsíà. Ọṣẹ dúdú kirikiri, ọṣẹ osùn tí ó pọ́n, ọṣẹ ajó tí ó dà bí wúrà, bí wọ́n bá fi omi rin gbogbo wọn, tí wọ́n sì fi kànìnkànìn ra wọ́n títí wọn yóò fi hó, funfun ni ìfófó wọn máa ń súnmọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ìfófó jẹ́ àkójọ atẹ́gùn tí awọ omi tín-ín-rín bò, tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká sí gbogbo ọ̀nà, tí ìwọ̀nba àwọ̀ tí ó wà nínú awọ náà kò sì tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Isaac Newton, nínú Opticks tí ó tẹ̀ jáde ní 1704, tilẹ̀ fi ara balẹ̀ wo èèhó ọṣẹ kan ṣoṣo, ó sì rí pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró tí ń yí po lára rẹ̀ bí awọ rẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ sí i, láìsí ewé, láìsí ẹ̀lú, láìsí ohun kankan tí ẹnikẹ́ni pò mọ́ ọn. Ọṣẹ tí ó ní àwọ̀ ń mú ìfófó funfun jáde, omi ọṣẹ tí kò ní àwọ̀ ń mú àwọ̀ jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi àwọ̀ ọṣẹ ṣe òṣùwọ̀n bí yóò ti fọ nǹkan mọ́ tó ń wọn ohun tí kò sí níbẹ̀.

Ṣé àwọ̀ ọṣẹ wá jẹ́ asán nìyẹn? Ìdáhùn àwọn oníṣègùn Yorùbá yàtọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ti wọn. Nínú ìsìn òrìṣà, ẹfun funfun, osùn pupa àti wájì, àwọ̀ aró tí ń ti ara ẹ̀lú jáde, jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi kun orí ìyàwó òrìṣà, ìyẹn ẹni tuntun tí ó wọ inú ìsìn náà, kì í ṣe kí ó lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára tí ó ń gbé wá. Ìwé Ewé tí Pierre Verger, tí wọ́n mọ̀ sí Fatumbi nínú Ifá, tẹ̀ jáde ní 1995 kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ jọ nínú èyí tí wọ́n ti ń gún ewé mọ́ ọṣẹ fún wíwẹ̀. Ewé nínú irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ń yí àwọ̀ ọṣẹ padà, ṣùgbọ́n kò sí oníṣègùn tí yóò sọ pé nítorí àwọ̀ ni òun ṣe fi í sí i. Àwọ̀ náà wulẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ewé wọlé. Èyí gan-an ni ó dára jù nínú àwọ̀ ewé: ó ń jẹ́rìí. Ọṣẹ osùn pọ́n nítorí pé osùn wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì ṣókùnkùn ju bí ọlọ́ṣẹ ti fẹ́, òótọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin osùn àti omi mímú ni ó ń sọ.

Àwọn Kírísítẹ́nì Kabala Doki lè rántí pé ìwé wòlíì Jeremáyà sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fi omi mímú àti ọ̀pọ̀ ọṣẹ wẹ̀, síbẹ̀ tí àbàwọ́n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níwájú Ọlọ́run, àti pé Málákì fi dídé Olúwa wé iná ẹni tí ń yọ́ fàdákà àti ọṣẹ ẹni tí ń fọ aṣọ. Àwọn wòlíì méjèèjì mọ agbára ọṣẹ, wọ́n sì mọ ibi tí ó pin sí. Kò sí èyí tí ó bìkítà fún àwọ̀ rẹ̀.

Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ibo ni ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú àwọ̀ ọṣẹ, bí ó bá wà? Ó wà níbi tí àwọ̀ bá bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ọṣẹ tí ó pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n kọ ajó sí lára, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé makúrì ni ó wà nínú rẹ̀ láti bó àwọ̀ ara, ti fi ajó ṣe aṣọ ìbora fún májèlé, májèlé náà sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 2013 ti ka ọṣẹ àti ìpara abóra tí wọ́n fi makúrì sí mọ́ àwọn ohun tí ó gbọdọ̀ kúrò lọ́jà. Ìwà burúkú yìí hàn sí gbogbo ènìyàn, kò sì gba àríyànjiyàn púpọ̀. Èyí tí ó gba ìrònú ni ti ewé zogale. Ọṣẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun zogale ṣe máa ń ní àwọ̀ ewé tí ó fani mọ́ra ní ọjọ́ tí wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọ̀ náà pẹ́, yóò ṣá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dà bí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oníbàárà kì í fẹ́ràn rẹ̀. Ọlọ́ṣẹ kan yóò tà á bẹ́ẹ̀, òmíràn yóò fi àwọ̀ ilé-iṣẹ́ díẹ̀ kún un kí ó má baà ṣá, yóò sì ṣì máa pè é ní ọṣẹ zogale, nítorí pé zogale wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Òfin títà àti rírà nínú Ìsìláàmù fún ẹni tí ó ra ohun tí àléébù fara pamọ́ sínú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, ọ̀pọ̀ yóò sì yára sọ pé ṣíṣá ni àléébù, pé ẹni tí ó dènà rẹ̀ ti ṣe oníbàárà lóore. Ṣùgbọ́n ṣíṣá kì í ṣe àléébù zogale, ìwà rẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì ti sọ ọ́ fún oníbàárà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹjọ́ tí ó sún mọ́ ti ọlọ́ṣẹ kejì jù ni ti ẹni tí ó di ọmú ràkúnmí tàbí àgùntàn fún ọjọ́ mélòó kan kí wàrà lè kún un, kí olùrà lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń sun lójoojúmọ́, ìwà tí Ànábì kọ̀ fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Wàrà tí ó wà nínú ọmú náà kì í ṣe irọ́, ẹranko náà ni ó ni ín. Ohun tí wọ́n dá lẹ́bi ni ìrísí tí wọ́n fi í ṣe, wọ́n sì fún olùrà láyè láti fún wàrà ẹranko náà, kí ó wo ohun tí ó ń sun gan-an, kí ó tó pinnu bóyá yóò mú un tàbí yóò dá a padà.